Agolo Iyọ̀ Kan àti Ojú Mi Lára Ògiri

Ọjọ́ tí bàbá mi gun ọkọ̀ ológun lọ ni ayé wa yí padà. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Dírẹ́bà lọ́rí ni wọ́n n'Ìbàdàn, àwọn ológun sì ń wá ẹni tí yóò máa kó ẹrù lọ sójú ogun abẹ́lé. Bàbá mi fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, wọ́n ní, "Sídí ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ róbótó, tọ́jú ìyá ẹ." Wọn ò bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ìbọn ò dún ládùúgbò wa, kí n má parọ́. Inú ilé ìdáná ni ogun ti bá wa jà. Kò pẹ́ tí iyọ̀ fi di ohun à ń wá kiri. Iyọ̀ agolo mílíìkì kan ni ìpín ilé kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, a ó sì tò fún un láti àárọ̀ títí oòrùn á fi là wá lórí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń da ìrẹsì sínú ike ìdọ̀tí ní Bramalea nílùú òyìnbó níbí, mo ń wò yín o.

Lórí ìlà iyọ̀ yẹn ni ayàwòrán ìjọba kan ti rí mi. Gbogbo ọmọ tó kù ti rù, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ò gbọ́ pé ogun wà. Ó gbé àwo ìrẹsì tó ní ẹran lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Ta ni ò ní rẹ́rìn-ín sí ẹran? Bó ṣe ya fọ́tò tán ló gba àwo rẹ̀. N ò tíì tọ́ ọ wò! Títí dòní, inú ọkùnrin yẹn ṣì ń bí mi.

Nígbà tó yá, ojú mi wà lára ògiri káàkiri, ìlà dúdú yí i ká, òyìnbó ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Tíṣà tó ń gbé nílé wa túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Ẹ jẹun níwọ̀nba, kí bàbá mi lójú ogun lè yó." Ìyá mi ń yangàn kiri àdúgbò.

Láyé ìgbà yẹn, bí ẹ bá rí ojú èèyàn gàdàgbà lára ògiri, ẹni méjì ló lè jẹ́: ẹni tó ń du ìbò, tàbí ẹni tó ti kú. Bàbá mi rí tèmi ní Benin. Wọn ò mọ̀wé, ọmọ wọn ò sì du ìbò. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní báwo làgbàlagbà ṣe máa dúró ní títì, tí á máa béèrè irú ikú tó pa ọmọ ẹ̀? Wọn ò gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Wọ́n wọ ọkọ̀ elépo kan, ó di Ìbàdàn.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọlé.

"Níbo lẹ sin ín sí?"

"Sin ta ni?" ni ìyá mi wí.

"Sídí mi!"

Ìyá mi tó rán mi lọ gba iyọ̀ láàárọ̀ rò pé ọkọ òun ti pàdé òkú mi lọ́nà ni. Ni ìyá mi náà bá figbe ta. Àwọn ará ilé bá wọn sunkún, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì ní nǹkan kan. Bí mo ṣe gbé iyọ̀ mi dé nìyẹn, mo bá gbogbo ilé lórí ẹkún.

"Ta ló kú?" ni mo bi wọ́n.

Bàbá mi ké, wọ́n sáré gbá mi mú, agolo fò lọ́wọ́ mi, iyọ̀ ọ̀sẹ̀ kan dà sílẹ̀. Wọ́n ń tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. "Sídí, ìwọ nìyí? Ìwọ gan-an?" Ìyá mi ti kúnlẹ̀: "Ẹ yẹ̀ fún mi, ẹ má tẹ iyọ̀ mi mọ́lẹ̀!" A jẹ iyanrìn nínú ọbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. N ò tíì jẹ ọbẹ̀ tó dùn tó o rí.

Tíṣà ló ba ayọ̀ wa jẹ́. Ó ní, "Bàbá Sídí, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń yìnbọn pa sójà tó bá sá?" Ìyá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ fara pamọ́ sóko. Wọ́n kọ̀. "N ò sá. Ọmọ mi ni mo wá sin." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rọra bó àwòrán mi kan lára ògiri, wọ́n ká a sápò láti fi hàn ọ̀gá wọn, wọ́n sì lọ. A ò gbúròó wọn mọ́ fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Èmi gbà pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló pa bàbá mi.

Ọjọ́ tí rédíò kéde pé ogun parí, àwọn ará ìta ń hó. Ní ilé tiwa, ojú ọ̀nà là ń wò. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni bàbá mi wọlé, wọ́n ti rù kan eegun, bébà náà wà lápò wọn, ó ti gbó níbi tí wọ́n ti ká a. Wọ́n ní ọ̀gá wọn wo àwòrán náà, ó wo àwọn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ló wá tì wọ́n mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé wọn ò gbàyè, ó sì dá wọn padà sójú ogun. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Òun náà ti joro nígbà yẹn.

Bàbá mi gbó, wọ́n tọ́, kí wọ́n tó kú. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi níbí, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Zainab ọmọ ọmọ mi tó ń da iyọ̀ síwájú ilé. Mo pariwo lé e lórí: "Háà! Iyọ̀ lò ń dà nù!"

"Grandma, it's for the ice!"

Mo ti mọ̀ báyìí pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń yọ́ yìnyín kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Bó bá ti gbé àpò iyọ̀ jáde, èmi náà á wọ kóòtù mi, màá tẹ̀ lé e. Àdúgbò á dákẹ́ lábẹ́ yìnyín, ìró iyọ̀ nìkan ni màá máa gbọ́. Zainab á ní, "Grandma, go inside, you'll freeze." Màá ní kó fi mí sílẹ̀ díẹ̀. Màá wo iyọ̀ nílẹ̀ títí, màá sì fọwọ́ ara mi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì.