Asẹ́ Afẹ́fẹ́ Mọ́tò Bàbá Tíṣà

Obìnrin kan wà tó ń ránṣọ níwájú ilé bàbá rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, nítorí bó ṣe máa ń rán etí aṣọ gún régé láì fi ìwọ̀n kàn án. Òun ni àkọ́bí, òun nìkan ló sì kù nílé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti lọ síbi tó jìnnà, orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò. Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n sí. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, wọn kì í rántí bóyá àwọ́n ti jẹun àárọ̀. Ìgbàgbé tó bá wọn fínra kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jí nǹkan wọn kó, bí olè tó mọ inú ilé. Orúkọ àwọn aládùúgbò ló kọ́kọ́ kó. Ó kó ọ̀nà ibi iṣẹ́ wọn àtijọ́. Nígbà tó yá, ó kó Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n fúnra rẹ̀. Láti kékeré ni bàbá ti ń pe ọmọbìnrin yìí ní "ìyá mi", torí ó jọ ìyá tó bí wọn bí ìmumu. Oṣù mẹ́jọ rèé tí wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Bó bá gbé oúnjẹ wá, "Ẹ ṣeun, màdáàmù" ni wọ́n ń wí.

Ohun tí ìgbàgbé ò tíì rí kó ni mọ́tò. Abẹ́ páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló wà, mọ́tò àtijọ́ pátápátá, tí iná iwájú rẹ̀ rí rìbìtì bí ojú ẹni tí ẹ̀rù bà. Ọdún mẹ́rin ló ti dúró síbẹ̀, láti ọjọ́ tí bàbá fi gbé ìyàwó wọn lọ sí ọsibítù, tó sì jẹ́ pé àwọn nìkan ló wà á padà wálé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń jókòó sí fèrèsé pálọ̀, tí wọ́n á máa bèèrè pé, "Mọ́tò mi dà? N ò gbúròó ẹ̀."

Dókítà ti sọ fún Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n pé ohun tí arúgbó bá ti mọ̀ látijọ́ a máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Bó ṣe ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì nìyẹn.

Mẹkáníìkì yìí ti ń tọ́jú mọ́tò náà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta tú u, ó fọ kábúrétọ̀, ó pààrọ̀ bátìrì àti gbogbo rọ́bà tó ti gbẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé ìkòkò irin dúdú kan wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó gbé e kalẹ̀ sórí bébà àtijọ́.

"Fítà ẹ̀ nìyí, àǹtí. Òun ló ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó fà á símú. Epo ló ń wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Eruku á lẹ̀ mọ́ epo, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí ẹ̀. Ó ti dógùn-ún, ó ti lu."

Ó wá fa òmíràn yọ nínú páálí tuntun, bébà funfun tí wọ́n ṣẹ́ léraléra bíi síkẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé ìwé.

"Tòde òní nìyí. Eruku tó bá bọ́ lọ́wọ́ ti àtijọ́, èyí á mú un. Bó bá dọ̀tí, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ fi òmíràn sí i. Kò ní sí pé à ń da epo, à ń fọ ìkòkò bí ẹni tó fẹ́ gbàlejò. N ò ní tàn yín o: tòde òní ló dáa fún ẹ́ńjìnnì. Ti àtijọ́, ìfẹ́ lásán ni."

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n pe àbúrò rẹ̀. Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi tuntun sí i jàre. Ẹ́ńjìnnì ò mọ ìtàn."

Wọ́n fi tuntun sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wa mọ́tò náà yí wá síwájú ilé. Fítà tuntun ti yí ohùn mọ́tò padà, ó ń súfèé bó ṣe ń bọ̀, bí ẹni tó ń mí láàárín eyín. Bàbá jáde síta.

"Bàbá, mọ́tò yín ti dìde o! Ẹ wọlé ká lọ gba atẹ́gùn."

Wọ́n tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá mirí.

"Mọ́tò tó dáa ni, màdáàmù. Àmọ́ kì í ṣe tèmi. Tèmi kì í súfèé, ńṣe ló máa ń kùn."

"Tiyín ni, bàbá. Ẹ wo ojú ẹ̀."

"Ojú lè jọra," bàbá dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń la ìṣirò yé ọmọ tí kò tètè gbọ́. "Ohùn ńkọ́?"

Wọ́n kí i pé ó dàbọ̀, wọ́n padà sídìí fèrèsé. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n pa ẹ́ńjìnnì, ó gbórí lé ìdarí mọ́tò. Nígbà tó yá, ó wá mẹkáníìkì lọ.

"Ẹ bá mi jó ihò ìdí ìkòkò àtijọ́ yẹn pa, kí ẹ dá a padà síbẹ̀."

"Àǹtí, lẹ́yìn gbogbo àlàyé tí mo ṣe?"

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni mò ń wá ìwòsàn fún."

Ọjọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà. Nígbà tí Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n tún ṣáná sí mọ́tò, ohùn rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń kùn hùùù bí oyin inú ihò igi. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí ilẹ̀kùn ilé fi ṣí. Bàbá ti di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn dé ọrùn, bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, tòsì wà ní tòsì. Ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere.

"Ìyá mi! Ta ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi?"

Ìbáwí ni o, ṣùgbọ́n ó dùn létí rẹ̀ ju oríkì lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ò tilẹ̀ rí i. Wọ́n ti ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá kọjú sí ilé, wọ́n gbóhùn sókè.

"Ìyá Ọmọ! Mọ́tò ti gbóná o! Bó o bá tún lọ ń pààrọ̀ aṣọ, màá fi ẹ́ sílẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara wọn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó wọn, wọ́n dúró tì í.

"Kí ló ń pẹ́ ẹ báyìí? Ìyá mi, lọ pè é wá."

Kò lè purọ́. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó yẹn ni ojú tó máa ń ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu ní kékeré.

"Bàbá, màmá ò sí mọ́."

"Kò sí níbo?"

"Wọ́n ti kú, bàbá. Ó pé ọdún mẹ́rin."

Bàbá di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi," ni wọ́n ń wí bí wọ́n ṣe ń sunkún. "Kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ fún mi?" Bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn ló yan aṣọ tí wọ́n fi sin ín.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbàgbé. Ọmọ rò pé ó ti tán. Nígbà tó tún ṣáná lọ́jọ́ kẹta, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀, ẹkún náà sì dà bí ẹkún ọjọ́ kìíní. Nígbà kẹta, ó ní màmá lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá jókòó dè é nínú mọ́tò títí oòrùn fi mú wọn, wọ́n wá bọ́ sílẹ̀ láti lọ wá a ní títì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n lẹ́nu táyà ọkọ̀ ńlá kan. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n gbọ̀n nídìí maṣíìnì, odidi apá ẹ̀wù ló rán sódì.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá mẹkáníìkì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹ bá mi dá tòde òní padà síbẹ̀."

"Ṣé ti àtijọ́ tún ti lu ni?"

"Kò lu. Bí bàbá bá gbọ́ ohùn ẹ̀, wọ́n á mọ̀ mí. Bí wọ́n bá sì ti mọ̀ mí, wọ́n á bèèrè màmá."

Mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta, ó da epo inú ìkòkò sí agolo, ó nù ún mọ́ tónítóní, ó fi tòde òní dípò rẹ̀, ó sì gbé ìkòkò náà lọ.

Láti ìgbà náà, bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n á wa mọ́tò tó ń súfèé síwájú ilé, á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á ní, "Ilé ìwé ló ní kí n wá gbé yín ṣeré jáde, sà." Inú bàbá á dùn pé ilé ìwé ò gbàgbé àwọn. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn, ọwọ́ lórí orúnkún, wọ́n á máa ka àwọn igi ẹ̀bá títì.

Lọ́jọ́ kan, bàbá tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ẹ mọ mọ́tò wà, màdáàmù. Ta ló kọ́ yín?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Wọ́n gbìyànjú. Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà, sà."

"Ẹ máa tọ́jú wọn," ni bàbá wí. "Ẹ bá mi kí wọn."

Ó ní òun á kí wọn. Ó ju ìdarí sọ́wọ́ òsì, ó sì gba ọ̀nà tó jìn lọ sílé.