Òrí Lára Bíréèkì

Àgbàlá ilé wa lẹ́yìn Ọjà'ba máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní àwọn òwúrọ̀ tí mo fi ń tún bíréèkì ọkọ̀ bàbá mi olóògbé ṣe. Ọkọ̀ eré sísá ìgbà àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn méjì, tí ó rẹlẹ̀ débi pé àwọn ará ilé a máa béèrè bóyá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí. Iṣẹ́ ojúmọ́ àti kíláàsì alẹ́ tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ti gba gbogbo okun mi. Síbẹ̀, mo ti ṣèlérí pé èmi ni n óò fi ọkọ̀ náà gbé Màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, lọ síbi àdúrà ìrántí bàbá mi ní mọ́ṣáláṣí kan ní Bẹẹrẹ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó sì wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo yọ táyà iwájú, mo fi sáńpépà ha àwo irin tí páàdì bíréèkì máa ń fún mú, mo pààrọ̀ páàdì, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ní òwúrọ̀ àdúrà, àárẹ̀ kò jẹ́ kí n tún wo àwo náà kí n tó de táyà padà. Mo wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ nínú àgbàlá, mo tẹ bíréèkì. Kò dúró. Ara ògiri ilé ìdáná ni ó lọ dúró sí.

Nígbà tí mo tún yọ táyà, àwo irin náà ń dán, ó sì ń rùn bí òrí.

"Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni o, Àkànní," ni Màmá wí láti ẹnu ọ̀nà. "Mo rí i lánàá pé irin yẹn fẹ́ dípẹtà, ni mo bá fi òrí pa á dáadáa."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Àmọ́ òrí náà ni kò jẹ́ kó dúró."

"Ṣé o sọ fún mi ni? Ìwé lò ń kọ ṣáá, bí akọ̀wé kóòtù!"

Mo yọ páàdì wò. Òrí ti wọnú páàdì, kò ṣeé fọ̀ mọ́. Táàsì ni a wọ̀. Nígbà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, Màmá di apá mi mú ṣinṣin.

"Èyí dúró," ni wọ́n wí.

Nígbà tí mo tún pààrọ̀ páàdì, mo gbé àpótí fún Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń ṣàlàyé bí mo ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ṣì máa ń rẹ̀ mí bí mo bá rántí rẹ̀. Èmi tí mò ń ṣọ́ra kí ẹ̀mí wọn má baà fò lọ ní òkè yẹn, àwọn gan-an ni n kò bá sọ̀rọ̀.