Orí Obìnrin Ara Pátákó

Bàbá Ọ̀dà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, á kí mi, á gbé àpò rẹ̀ lé orí tábìlì, á sì dúró bí ẹni tó wá gba èsì àyẹ̀wò. Fọ́tòkópì ni mò ń ṣe níbẹ̀, mo sì ń di ìwé: ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìpàdé, ìwé ìrántí òkú. Mo ti di oríṣiríṣi. Èyí tí mi ò dì rí ni ìwé tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán sí, tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló fẹ́ kó wà láyé.

Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń kùn jẹun kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo pátákó àtijọ́ tó wà ládùúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde: àlùmọ́gàjí fún àwọn aránṣọ, bàtà fún àwọn tó ń ṣe bàtà, orí obìnrin fún àwọn onídìrí. Orí obìnrin yìí ni àwọn aláwàdà fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́, nítorí orí kan náà ni. Irun lè yàtọ̀, ojú ò yàtọ̀: ojú tó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu tó pa dé bí ẹni tó ní nǹkan lẹ́nu. Wọ́n ní obìnrin wo ló fẹ́ràn oge tó báyìí, tí kò sí ilé onídìrí tí kò jókòó sí. Wọ́n ń ṣeré ni o, ṣùgbọ́n ó wọ Bàbá Ọ̀dà lára. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wá sọ́dọ̀ mi, kó má baà kọjá níwájú àwọn pátákó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ni ìwé náà dá lé. Obìnrin náà kú nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣì ń rákò. Ọmọ dàgbà, ó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó bí ọmọ tirẹ̀. Ọmọ-ọmọ yìí ló béèrè lórí fóònù bí ojú ìyá àgbà òun ṣe rí. Bàbá Ọ̀dà lọ ṣí àpótí fọ́tò. Àṣé òjò ti ń jò sí i látọjọ́ pípẹ́, àwọn fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ra wọn, nígbà tó sì rọra ń yà wọ́n, ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń bó lọ. Aṣọ kù, ọwọ́ kù, bàtà kù. Ó wá sọ fún ọmọ náà pé kó ní sùúrù, òun á kọ ìwé nípa ìyá àgbà rẹ̀, òun á sì ya ojú rẹ̀ sí àárín ìwé náà.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń kó o wá, kí n lè máa gé etí bébà fún un kó dọ́gba. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, torí ẹni tó ti ń kọ̀wé fún àwọn tó wà nínú mọ́tò láti kékeré kò lè kọ wẹ́wẹ́ mọ́. Ó ya sálúbàtà méjì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan dojú dé. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Kì í to bàtà. Èmi ni mo máa ń bá a tò ó. Bàtà tèmi nìkan ni mò ń tò báyìí, kì í pẹ́ tán.” Ó ya bẹ́ǹṣì kan tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: “Níbí ni mo ti máa ń dúró dè é bó bá lọ dirun. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní ó ku díẹ̀. Irọ́ ni. Kì í ku díẹ̀ rí.” Èyí pa mí lẹ́rìn-ín títí, ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n àárín ìwé ṣófo. Bí mo bá béèrè ojú, á ní ó ń bọ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń há bó bá kọ́kọ́ lanu, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì ṣí láti àárọ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé èmi lẹni àkọ́kọ́ tó bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi kò sì lẹ́nu tí í gbélé. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé kó kúkú ya obìnrin arẹwà kan síbẹ̀, ṣé ọmọ náà á mọ̀ ni.

“Ọmọ ò ní mọ̀, èmi á mọ̀,” ló wí. “Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó láti yà á, obìnrin ara pátákó yẹn ló ń jáde. Ọwọ́ mi ti bàjẹ́, Ìyá Adìwé. Orí kan ṣoṣo ló mọ̀.”

Ó ní bí òun bá ti yà á tán tí òun rí i pé obìnrin yẹn náà ni, òun á rún un, òun á fi í tan sítóòfù tí òun fi ń se omi ìwẹ̀. Èyí tí òun kò bá sun, òun á fi wé àwọn ojú ìwé tó dára. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi sí ara mi, torí ìmọ̀ràn tí mo fún un ò jọ ti ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Nígbà tó kó àwọn ojú ìwé tó kẹ́yìn wá, ọ̀kan lára àwọn orí tó ti rún ló fi wé wọn. Ó lọ. Kò pẹ́ ni Ìyá Onídìrí wọlé, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn onídìrí òpópónà wa, ó fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé ilé rẹ̀. Bó ṣe ń dúró de ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ bọ́ sórí bébà náà. Ó tẹ́ ẹ, ó wò ó, ó sì rọra rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó Bàbá Ọ̀dà rè é,” ló wí. “Ta ló rún un báyìí? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀.”

Mo ní rárá, obìnrin ara pátákó ni. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ́mọkùnrin ni Bàbá Ọ̀dà, kò tíì kun orí èèyàn rí, kò sì sẹ́ni tó gbà láti jókòó fún un. Ìyàwó rẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun fún tán ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú oyún nínú. Ẹ̀rín ń pa á, kò fẹ́ kí ọkọ rí i, ló bá wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì pa ẹnu dé. Láti ọjọ́ náà, bí onídìrí mìíràn bá pè é, orí kan náà ni yóò kùn, kò tún wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ní ó ti gbàgbé ibi tó ti mú orí náà, mo sì béèrè ohun tó dé tí wọn ò sọ fún un.

“Mo rò pé ó mọ̀ ni,” ni Ìyá Onídìrí wí. “Ta ni yóò máa fi ìyàwó ọkùnrin hàn án?”

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo mú bébà náà dání, mo gba ilé Bàbá Ọ̀dà lọ. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, àmọ́ gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wá bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo bá a nídìí tábìlì pẹ̀lú pẹ́ńsùlù rẹ̀. Agolo ọ̀dà gbígbẹ ló jókòó sórí àga kejì, ife kan ló wà lórí tábìlì, omi ń hó lórí sítóòfù. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó gba bébà náà, ó tẹ́ ẹ, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ibi tó rún létí obìnrin náà, kò sì nà.

“Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ó wo sítóòfù títí.

“Mo ti ń fi í dáná, Ìyá Adìwé. Mò ń yà á, mò ń fi í dáná.”

Omi náà hó títí, ó ń dà sílẹ̀, kò sí ẹni tó dìde lọ sọ̀ ọ́ nínú àwa méjèèjì.

Mo ní kó ya òmíràn tó mọ́, ó kọ̀. Rírún rẹ̀ náà ni mo dì sí àárín. Ìwé náà dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ náà pe Bàbá Ọ̀dà, ó béèrè ohun tí ìyá àgbà ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá ní kò wo nǹkan kan, òun ló ń fi ṣẹ̀rín.

Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ìwé ti lọ. Ṣùgbọ́n kì í gba ẹ̀yìnkùlé mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onídìrí, lábẹ́ pátákó tí oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀. Mo lọ, mo bọ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ta lẹ̀ ń dúró dè?”

Ó fi àgbọ̀n júwe obìnrin ara pátákó lókè.

“Wọ́n ní ó ku díẹ̀.”