Àwọn Awakọ̀ Òfúrufú Tí Ọkọ Mi Ń Wá

Bí ọkọ mi bá ti kígbe láti pálọ̀ pé, "Ìyá Bọ́sẹ̀, Jọ́ọ̀jì wo nìyí?" mo mọ̀ pé iná ti dé, ó ti tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ló ṣe ní Sapele Road. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn awakọ̀ òfúrufú tó lọ ya fọ́tò ilẹ̀ ọ̀tá nígbà ogun Hítílà tí wọn ò padà wálé. Kámẹ́rà ni wọ́n gbé, wọn ò gbé ìbọn. "Ẹlẹgbẹ́ mi ni wọ́n," ló máa ń wí. Òun ló mọ ọkọ̀ wọn. Èmi oníwèé mẹ́fà ni mo mọ orúkọ wọn lórí.

Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ kọ̀wé sí màmá arúgbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní kó bá òun wá ẹ̀gbọ́n òun, pé inú òkun ni Jọ́ọ̀jì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, já sí.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ dúró! Jọ́ọ̀jì inú òkun níyàwó. Ẹ̀gbọ́n màmá yìí ò gbéyàwó."

"Ta ló bi ọ́?"

"Torí ẹ ò bi mí ni mo ṣe sọ."

Ó tún wá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àṣé orí òkè kan ní Ítálì ni Jọ́ọ̀jì màmá já sí, sàréè rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Màmá lọ síbẹ̀, ó fi fọ́tò ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà ránṣẹ́ sí wa, tòun ti òdòdó àti ẹ̀rín. Ọkọ mi gbé e ká gbogbo àdúgbò wa ní Ogida: "Ìyàwó mi ló rí i o!"

Nígbà tí ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá, màmá ní kí n fi fọ́tò sàréè tirẹ̀ náà ránṣẹ́. Èmi tí n kò ya fọ́tò rí, mo gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ. Fọ́tò náà wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ lára sàréè hàn kedere.