Obìnrin Tí Wọ́n Pè Ní Aṣavan Lójú Ayé Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Morvarid. Opó ni, kò bímọ, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé ní abúlé wa yìí lẹ́bàá ìlú Taft, nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Obìnrin kúkurú ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ ò ní rí nǹkan kan tó fi yàtọ̀ sí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, àfi pé n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Tèmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọdún Gahambar, tí gbogbo abúlé máa ń pé jọ láti jẹun àti láti dúpẹ́, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé. Gbogbo wa jókòó sí àgbàlá, èso gbígbẹ àti búrẹ́dì díndín wà níwájú wa, Dastur Hormazdyar, àlùfáà wa, sì ń pe orúkọ níwájú iná mímọ́. Ojú Dastur ti ń ṣe bàìbàì. Tó bá fẹ́ dárúkọ alààyè, "zinderavan" ló máa ń fi ṣáájú, pé ẹ̀mí onítọ̀hún ṣì wà láyé. Òkú ló ń pè ní aṣavan, olódodo, ẹni tó ti gba orí afárá tí òkú ń gbà lọ sọ́run kọjá. Ẹ sì mọ afárá yẹn, bó ṣe ń fẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ olóòótọ́, tó sì ń tín-ín-rín bí ojú abẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ òpùrọ́. Ta ló máa gbójú-gbóyà pe ẹni tí kò tíì débẹ̀ ní aṣavan?

Àfi bí a ṣe gbọ́ ọ: "Aṣavan Morvarid!"

Tirandaz, ọkọ mi, fò dìde. "Dastur! Ẹ̀gbọ́n mi rèé, ó ń jẹun lọ́wọ́! Ẹ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ o!"

Morvarid ní, "Tirandaz, jókòó jàre. Tí mo bá tiẹ̀ ti kú, ẹ ṣáà jẹ́ kí n jẹ eléyìí tó wà lẹ́nu mi tán."

Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín. Dastur bẹ̀bẹ̀, ó yí i padà sí zinderavan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń fọ àwo, ẹ̀gbọ́n mi gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo o. Ó dà bíi pé wọ́n fi ẹ̀wù ẹlòmíràn wọ̀ mí."

Nígbà tí ooru dé, omi wọ́n. Abẹ́ ilẹ̀ ni omi wa ti ń wá láti ẹsẹ̀ òkè, ọgbà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìdájí ọjọ́ kan tó jẹ́ ti Namdar, aládùúgbò wa, inú ọgbà ọ̀pọ̀tọ́ tiwa ni omi ṣàn sí. Ẹnì kan ti gé amọ̀ tí wọ́n fi dí i.

Namdar dé, ariwo ń sọ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ mi ní, "Eku ló gbẹ́ ẹ."

"Eku? Eku tó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́!"

Olórí omi pe àwọn àgbà jọ. Ẹni tó bá jí omi lábúlé wa, wọ́n á gba ọjọ́ omi rẹ̀ títí wọ́n á fi kórè tán. Gbogbo ayé sì mọ̀ pé etí omi ni Morvarid ti ń gbàdúrà ní ìdájí. Wọ́n ní kí wọ́n pè é wá.

Ọkọ mi fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà ní ẹ ò rí nǹkan kan. Tí ẹ bá tú mi fó, ẹ má padà sílé mi mọ́ o."

Èmi náà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀tọ́ yìí ni oúnjẹ wa."

Ó wò wá. Ó jáde lọ bá wọn létí omi, ó tú ìgbànú funfun ìdí rẹ̀, ó kọjú sí oòrùn, ó gbàdúrà, ó sì tún un so. Omi ń kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Tirandaz ni mo rí. Ṣọ́bìrì mi ló fi gé e. Àbúrò mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀."

Kò gbóhùn sókè, kò bú ẹnikẹ́ni.

Ó di ẹrù rẹ̀ tí kò tó nǹkan, ó jáde. Ajá wa, tí Morvarid máa ń fún ní òkèlè kó tó fi tirẹ̀ sẹ́nu, dìde, ó tẹ̀ lé e. Namdar fi wá ṣẹ̀sín: "Tirandaz, ajá ẹ gan-an mọ ẹni rere!" Yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé iná, níbi tí a ti ń jọ́sìn, ni Morvarid ń sùn láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀tọ́ wa gbẹ, ewé rẹ̀ ká kò. Ọkọ mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ létí òun.

Nígbà tí ìkórè kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ní ọjọ́ omi Namdar, amọ̀ yẹn tún ṣí, omi tún ṣàn sínú ọgbà wa. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fa ọkọ mi lọ́rùn ẹ̀wù.

"Olè omi! Wọ́n á gba omi ẹ títí ayé!"

"Èmi kọ́! Mo fi iná búra, èmi kọ́!"

Ta ló máa gbà á gbọ́? Èmi tí mo sùn tì í gan-an, ẹnu ṣọ́bìrì ni mo kọ́kọ́ lọ wò bóyá amọ̀ wà níbẹ̀.

Bí Morvarid ṣe ń bọ̀ nìyẹn, ajá lẹ́yìn rẹ̀. "Namdar, fi í sílẹ̀. Ewúrẹ́ ẹ ló tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ojú mi ló ṣe, mo lé e lé e."

Namdar jọ̀wọ́ ẹ̀wù náà bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó lọ wo ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Gbólóhùn kan láti ẹnu opó kan, omi wa bọ́ nínú ewu. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù irú èyí tó máa ń bà mí tí mo bá wọ ilé iná.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ajá ńkọ́?"

"Òun ni kó kọ́kọ́ wọlé."

Nígbà tí Gahambar tún yí po, Dastur ti kọ́gbọ́n. Ó gbé ìwé súnmọ́ imú, ó rọra pè é: "Zinderavan Morvarid."

Ọkọ mi dìde. Mo fà á láṣọ, ó já a gbà lọ́wọ́ mi.

"Dastur, ti èṣí lẹ pè dáadáa."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Morvarid fi ìborùn bojú. Dastur wo iná, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì tún un pè: "Aṣavan Morvarid."