Ferret Tí Kò Lè Tọ̀

Ìborùn aláró ni wọ́n fi wé e dé. Ìyá àgbàlagbà kan ló gbé e mọ́ àyà, wọn kò wọ ìbọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ snow ń já lulẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé wọn wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹni tó ń gbàlejò níwájú ilé ìwòsàn wa tó béèrè orúkọ, ọmọ náà ti sọ̀rọ̀.

"Noodle. He can't pee."

Ìyá náà yíjú sí i, wọ́n ní, "Àlàó ni orúkọ rẹ̀."

Nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè méjèèjì. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì gba ẹranko inú ìborùn náà lọ́wọ́ wọn. Bí mo ti fọwọ́ kan ikùn ẹranko náà ni mo mọ̀ pé a kò ní àkókò láti fi ṣòfò. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti kún, ó le gbagidi bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀, yálà kí àpò náà bẹ́, tàbí kí ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde padà sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì pa á.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ dókítà ẹranko. Màlúù, ewúrẹ́, ajá àti adìẹ ni mo mọ̀. N kò rí ferret rí títí mo fi dé Calgary ní Canada. Ẹ fojú inú wo òkété tí ẹnì kan di orí àti ìrù rẹ̀ mú, tó wá fà á gùn. Bó ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe ẹbí eku rárá, ẹran ló ń jẹ, inú ilé sì ni àwọn ará ibí ti ń sìn ín bí ológbò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyá mi, wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀, wọ́n béèrè pé ṣé òkété ni mo kọjá òkun lọ tọ́jú. Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí n má ṣe fi han bàbá mi, torí ata ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Kí n tó yege ìdánwò tí wọ́n fi ń gba dókítà ẹranko láyè láti ṣiṣẹ́ ní Canada, ilé ìkẹ́rù kan ní Foothills Industrial ni mo ti ń di páálí. Bí mo ti ń di ẹrù ni mo ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nínú earphone tí mo fi sétí. Lẹ́yìn tí mo yege ni ilé ìwòsàn ẹranko kékeré kan ní àdúgbò Marlborough gbà mí bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà. Dókítà Carol ló ni ibẹ̀, obìnrin kan tó ti ń wo ehoro, ayékòótọ́ àti ferret kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni pé bí wọ́n bá gbé ferret dé, ìrù ni kí n kọ́kọ́ wò, kí n tó wojú. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà.

Ìdí rẹ̀ ni àrùn adrenal. Adrenal jẹ́ ẹ̀yà ara méjì tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ẹ̀gbẹ́ kíndìnrín ni wọ́n wà. Ní ilẹ̀ yìí, láti kékeré ni wọ́n ti ń tẹ ferret lọ́dàá. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kò mọ̀ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Á máa ránṣẹ́ sísàlẹ̀ bí ọ̀gá tó ń pe ọmọṣẹ́ tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá pè, pè, pè, tí ẹni tó ń pè kò dáhùn, adrenal tó wà nítòsí á dìde, á ní òun yóò ṣe é. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ yìí ló máa ń mú un wú, ó sì lè di kókó. Irun á bẹ̀rẹ̀ sí í re láti ìdí ìrù, á gba ẹ̀yìn wá síwájú. Tó bá jẹ́ akọ, prostate, ẹ̀yà ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, á wú, á sì fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ibi tí Àlàó bá ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọbìnrin tó gbé wọn wá ń jẹ́ Tómi. Calgary ni wọ́n bí i sí, yunifásítì ló wà, òun ló sì ni ferret náà. Ìyá bàbá rẹ̀ ni àgbàlagbà yẹn, Màmá Ṣọlá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti wá lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú, kí wọ́n lè máa gbé lọ́dọ̀ Ṣọlá ọmọ wọn ní àdúgbò Redstone. Nọ́ọ̀sì ni Ṣọlá, ìyàwó rẹ̀ náà sì ń wakọ̀ dé òdìkejì ìlú lọ síbi iṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kálukú á bá tirẹ̀ lọ, á wá ku Màmá àti ferret.

Màmá ló ròyìn àìsàn náà fún mi. Wọ́n ní ó ti pẹ́ díẹ̀ tí irun ti ń re ní ìrù rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n rí i tó ń wọ inú àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, tó ń jáde, tó tún ń wọ̀ ọ́, tó ń tiraka láti tọ̀, tó ń ké wínníwínní, tí nǹkan kan kò sì jáde. Wọ́n pe Tómi, Tómi fi kíláàsì sílẹ̀ wá gbé wọn. Ojú ọmọ náà ti pọ́n.

"I thought he was just shedding, Auntie," ló wí.

Mo sọ fún un pé ìrònú ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn, torí irun ferret máa ń re bí ìgbà bá yí padà. Mo ní ó ti gbé e wá, iṣẹ́ wá kù sọ́wọ́ wa.

Àárín ìyẹn ni Ṣọlá pè láti ibi iṣẹ́. Tómi fi fóònù lé mi lọ́wọ́. Ó kí mi dáadáa, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá mi ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún jókòó ti òkú mìíràn. Bí ẹ bá rí i pé kò ní yè é, ẹ jẹ́ kó sùn lọ ní ìrọ̀rùn."

"Ẹ̀gbọ́n," mo dá a lóhùn, "tó bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé wò ni, èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ fún yín. Èyí ṣeé wò."

Mo ṣàlàyé fún un pé bó ṣe ń rí fún àwọn bàbá àgbà tó ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ló rí. Ó ní, "Prostate? Ferret?" Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á. Ó ní kí n ṣe ohun tó bá yẹ.

Màmá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ọmọ wọn wí. N kò lè parọ́ fún wọn, mo sọ ọ́. Wọn kò bínú. Wọ́n tẹjú mọ́ ìborùn tó ṣófo lọ́wọ́ wọn.

"Ṣọlá ò mọ̀ ni. Nínú ilé yẹn, láti ìgbà tí wọ́n bá ti jáde láàárọ̀ títí wọ́n fi máa dé, òun nìkan ló ń dá mi lóhùn."

Mo gbé Àlàó wọlé.

A fi gáàsì kùn ún lóorun. Ohun tó kàn ni kí a ki rọ́bà tóóró kan gba ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ dé inú àpò, kí omi lè rí ibi jáde. Ó rọrùn láti fẹnu sọ. Ọ̀nà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju òwú ìránṣọ lọ, eegun kan sì wà níbẹ̀ tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, Dókítà Carol ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, èmi á máa dì í mú. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti wọ ìka rẹ̀ lọ́dún náà. Ó gbé iná, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní ọwọ́ tèmi ló kàn.

Mo rí ẹnu ọ̀nà náà, rọ́bà sì wọlé. Ó dé ibi tí prostate ti fún un, ó kọ̀. Mo yọ ọ́, mo yí i, mo tún gbìyànjú. Ó tún kọ̀. N kò fi ipá ṣe é, torí ẹni tó bá fi ipá ṣe é níbẹ̀ yóò lu ọ̀nà náà já.

Mo dúró, mo ronú. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni màlúù. Nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, wọ́n gbé wa lọ sí gáà kan níbi tí ikùn màlúù ti wú bí ìlù. Gbogbo wa ń sáré wá bí oògùn yóò ṣe gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé. Olùkọ́ wa ní kí a sinmi, kí a kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ara á dẹ̀, ọ̀fun á sì gba oògùn. Àlàó kò tó etí màlúù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Omi tó kún àpò náà ló ń ti rọ́bà mi padà.

Mo sọ fún Dókítà Carol pé mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú ìtọ̀ náà láti orí ikùn. Ó wò mí. Ó ní àpò tó kún tó bẹ́ẹ̀ lè ya. Mo ní mo mọ̀, abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù lọ ni n ó lò, n kò sì ní fà á tán. Ó gbà, ó sún iná mọ́ mi.

Omi tó jáde pupa bí omi zobo. Mo ń fà á díẹ̀díẹ̀, mo sì ń rí i tí ikùn náà ń rọ̀ lábẹ́ ìka mi. Nígbà tó tó, mo yọ abẹ́rẹ́, mo tún mú rọ́bà. Ó dé ibi tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó wá yọ̀ wọlé bí ìgbà tí òwú bá bá ojú abẹ́rẹ́ pàdé. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Dókítà Carol gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó sì fi í síbẹ̀.

Scan fi hàn wá pé adrenal apá òsì ló ti wú. Inú mi dùn sí i, torí tọ̀tún máa ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ẹni tó bá fẹ́ gé e ń fọwọ́ kan ewu. A fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò tètè mú prostate fà, mo sì fi implant sábẹ́ awọ ara rẹ̀ láàárín èjìká. Implant yìí dà bí hóró ìrẹsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́, kó yé ránṣẹ́ kiri.

Ṣùgbọ́n a kò tíì bọ́. Rọ́bà náà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí prostate tó fà. Bí a bá yọ ọ́ tí kò sì dá tọ̀ fúnra rẹ̀, a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì ní gba ìlọ́po méjì irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbójú sókè, mo rí Màmá Ṣọlá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn nìkan ni. Mo béèrè ẹni tó gbé wọn wá. Wọ́n ní àwọn wọ bọ́ọ̀sì láti Redstone, àwọn sì wọ train. Tómi ló kọ́ wọn lórí fóònù. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Calgary, wọn kò dá jáde rékọjá ojúlé wọn rí. Wọ́n jókòó ti àgò Àlàó, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ará ilé, nípa òtútù, nípa obìnrin kan tó fi àyè sílẹ̀ fún wọn nínú train. Àlàó, tó ti ń gbìyànjú láti gé rọ́bà jẹ láti àárọ̀, dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá lójoojúmọ́.

Ọjọ́ tí a máa yọ rọ́bà, gbogbo wọn pé. Ṣọlá ti ibi iṣẹ́ wá, ó ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo yọ ọ́, mo gbé Àlàó sílẹ̀, mo sì tẹ́ bébà funfun sí igun yàrá. Ó rìn káàkiri. Ó gbóòórùn bàtà Ṣọlá. Ó wọ abẹ́ àga Màmá, ó jáde.

Ó dé igun náà. Ó yí ìdí rẹ̀ sí ògiri bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó gbé ìrù pípá rẹ̀ sókè. Omi ṣàn sórí bébà náà, ó gbòòrò, ó sì ń gbòòrò sí i.

"Àlàó, o ṣeun," ni Màmá wí, ohùn wọn rẹlẹ̀.

Ṣọlá, tó ní kí a jẹ́ kó sùn lọ, yọ fóònù, ó ya ìtọ̀ ní fọ́tò. Tómi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wá jókòó, mo sọ fún wọn pé implant kò yọ kókó náà kúrò, ó kàn ń kó o níjàánu ni, agbára rẹ̀ á tán lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní bó bá tán, àwọn mọ̀nà.

Kí snow tó yọ́ tán, irun ti hù bo gbogbo ìrù rẹ̀. Dókítà Carol ti fẹ̀yìn tì báyìí, gbogbo ferret tó ń bọ̀ sí ilé ìwòsàn náà ló di tèmi. Àwọn dókítà láti ìlú mìíràn máa ń pè mí bí rọ́bà bá kọ̀ fún wọn. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ màlúù yẹn fún wọn.

Ní ti àwọn ọmọ Yorùbá ìlú yìí, ẹnu Màmá Ṣọlá ni ìròyìn ti jáde. Wọ́n rò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rò ó nínú train, wọ́n rò ó fún ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá. Àwọn tí n kò mọ̀ rí á pè, ajá wọn ṣàìsàn, ológbò wọn kò jẹun, wọ́n á sì béèrè bóyá Dókítà Àlàó wà nítòsí. Wọ́n rò pé orúkọ ọkọ mi ni. Nígbà kan, mo máa ń tún un ṣe fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan pè láti Redstone, ó ní ṣé Dókítà Àlàó ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Èmi ni, sà. Kí ló ń ṣe ẹranko yín?"