Wọ́n Ní Ọmọ Ilé Ni Mí

Káńfọ̀ kì í wọ ilé mi. Bí kòkòrò bá fẹ́, kó jẹ gbogbo aṣọ mi tán, n kò ní fi káńfọ̀ sí àárín wọn. Àwọn ọmọ mi rò pé òórùn rẹ̀ ló ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú èrò wọn. Òórùn káńfọ̀ àti òrí ni òórùn yàrá Ìyá Àgbà, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bẹyẹrúnká, níbi tí mo ti lo èyí tó dára jù nínú ìgbà èwe mi. Ọmọ ilé ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, èmi náà sì ń fi orúkọ náà yangàn káàkiri.

Mo rántí ìgbà tí Alhája, ìyàwó ilé náà, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí agbolé wa ní Ọ̀rányàn. Oníbàárà màmá mi ni. Màmá mi ń se ọṣẹ dúdú tà, èmi náà sì ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rọ tí n ó fi dá dúró, ni mo bá ń bá a se ọṣẹ. Ọkọ Alhája ń ta aṣọ ní Gbági, Ọlọ́run sì ti bù sí i fún un. Ìyá ọkọ yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní apá kan, wọ́n ń wá obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí yóò máa gbé e, tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa fún un lóúnjẹ. Alhája jókòó lórí àga ìdáná màmá mi láìka èéfín sí, èyí wú mi lórí púpọ̀. Ó ní ilé tiwọn kò rí bí ilé àwọn olówó yòókù.

"A kì í gba ọmọ ọ̀dọ̀ nílé wa," ló wí. "Ọmọ ilé ni yóò jẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ tí mo bí bá jẹ, òun náà ni yóò jẹ."

Màmá mi dúpẹ́. Ó ro iná lábẹ́ ìkòkò rẹ̀ díẹ̀, ó wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó ní, "Alhája, ọjọ́ wo ni yóò máa wálé?"

Alhája rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò le, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn ni. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Màmá. Ṣé wọ́n máa ń dá ọjọ́ tí ọmọ yóò kúrò nílé bàbá rẹ̀ fún un ni?" Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè màmá mi tì mí lójú. Lójú tèmi, ìbéèrè ará oko ni, ìbéèrè ẹni tí kò mọ oore nígbà tí oore bá kanlẹ̀kùn. Nígbà tí mo ń di ẹrù, màmá mi kò tún sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ mọ́, ó kàn sọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo dá a lóhùn pé wọn kò rán mi níṣẹ́ ẹrú rárá. Ó fún mi ní ọṣẹ tí ó pọ̀ nínú ewé, ó ní kí n máa fi wẹ ìyá ọlọ́jọ́ lórí náà.

Iṣẹ́ náà kò kéré, ṣùgbọ́n n kò pè é níṣẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ ilé ni mo ti máa ń jí. N ó gbé Ìyá Àgbà sórí àga, n ó wẹ̀ ẹ́, n ó yọ́ òrí pa á lára, n ó fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà há a lọ́fun. Bí oòrùn bá ń yí, èmi náà ń yí i lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Ìyá náà ní sùúrù. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, síbẹ̀ òun nìkan ni nínú ilé náà tó máa ń béèrè pé, "Ìyá rẹ ń kọ́?"

Dírẹ́bà kan wà nínú ilé, ọkùnrin àgbàlagbà tí kì í wá ní ọjọ́ Àìkú. Bí oṣù bá ti parí, yóò lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ Alhájì, yóò sì ki í bọ àpò lójú gbogbo wa. Bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò ti sọ ọjọ́ tí yóò lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dé. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Mo máa ń wò ó pé ẹ̀yìn òde ni ó wà, òṣìṣẹ́ lásán, nígbà tí èmi ń jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ Alhája. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ìgbà wo ni mo lọ kí àwọn ará ilé mi kẹ́yìn. Mo fún un lésì pé inú ilé mi ni mo wà yìí. Ó wò mí, ó padà sídìí ọkọ̀ tó ń fọ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kì í lọ sílé. Bẹyẹrúnká sí Ọ̀rányàn kì í ṣe ìrìn àjò. Ẹni tó bá gba abẹ́ Mápó, tó yọ sí Ọjà'ba, kò ní tíì làágùn kó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Láti fèrèsé yàrá Ìyá Àgbà, mo máa ń rí páànù tó ti dípẹtà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí dé apá Ọ̀rányàn, ṣùgbọ́n n kò lè dá tiwa mọ̀ láàárín wọn. Nígbàkigbà tí mo bá tọrọ àyè, Alhája á fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Ta lo fẹ́ fi ìyá rẹ sílẹ̀ fún?" Ìyá rẹ, bó ṣe máa ń pè é nìyẹn. Kò pariwo mọ́ mi rí. Òṣìṣẹ́ lè sọ pé àsìkò iṣẹ́ òun ti tó. Kí ni ọmọ fẹ́ sọ? Ojú á tì mí, n ó padà sídìí Ìyá Àgbà.

Lọ́jọ́ kan, àwọn àbúrò Alhájì ń bọ̀ láti Èkó wá wo ìyá wọn. Láti àárọ̀ ni ilé ti ń hó. Alhája fẹ́ kí Ìyá Àgbà mọ́ tónítóní, kó wọ léèsì funfun, kó jókòó sí pálọ̀ kí wọ́n lè rí i pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Mo ń wẹ Ìyá Àgbà lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin dé ẹnu géètì. Kò sí ẹni tó pè mí. Alhája ló lọ bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò dé, wọ́n jẹ, wọ́n mu, èmi ni mo ń gbé àwo ẹran lọ síwájú wọn. Wọ́n ń yin Alhája pé ìyàwó tó ń tọ́jú ìyá ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n, inú mi sì ń dùn, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń yìn. Nígbà tí ọkọ̀ wọn ti lọ, a kírun alásàrí, Alhája wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àbúrò rẹ wá láàárọ̀. Ó ní ara Màmá ò yá. Yára lọ wò wọ́n, má pẹ́ o, Ìyá rẹ ò tíì jẹun alẹ́."

Nígbà tí mo dé Ọ̀rányàn, wọ́n ti tẹ́ ẹní síwájú ilé. Ẹnikẹ́ni kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tí mo ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ti ń se ọṣẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Omi ọṣẹ dúdú ṣì wà lára òkúta, kò tíì gbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wẹ màmá mi. Iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè rẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé ṣì rọ̀. Àwọn aládùúgbò obìnrin ló wẹ̀ ẹ́, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé àwo ẹran ní Bẹyẹrúnká. Àbúrò mi kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Wọ́n ń pè ẹ́ títí. Mo sọ fún Alhája pé wọ́n ń pè ẹ́." Òwe kan wà tí gbogbo ayé mọ̀: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Tèmi burú ju òwe lọ. Ìyá ló kú, ọmọ ni kò gbọ́, ìrìn tí kò tó kí ènìyàn làágùn ló sì wà láàárín wọn.

Alhája wá kí wa. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, ó sunkún, ẹkún náà kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Ó dì mí mú, ó ní, "Ìyá rẹ tó kù ló wà nílé yẹn, má jẹ̀ẹ́ kí òun náà bọ́." Ẹni tó bá gbọ́n, ìgbà yẹn ló yẹ kó la ojú. Èmi padà. Mo di aṣọ dúdú mi sínú àpò kan, mo gba abẹ́ Mápó, mo padà síbi tí wọ́n ti ń pè mí lọ́mọ.

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Àgbà kú. Obìnrin tí wọ́n mú wá láti mọ́ṣáláṣí, tó mọ ètò ìwẹ̀ òkú, ní kí àwọn ọmọbìnrin Ìyá Àgbà wá ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọmọbìnrin náà wo ara wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n láti fọwọ́ kàn án. Àgbà inú wọn ló nawọ́ sí mi níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ọmọ wọn nìyẹn. Òun ni kó wẹ̀ wọ́n." Mo wọlé. Mo bu omi, mo fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, a fi káńfọ̀ sí omi tó kẹ́yìn. Ẹni méjì ni mo ń wẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni kan ṣoṣo ló sì wà níwájú mi. Mo sunkún títí obìnrin náà fi ń bẹ̀ mí. Síbẹ̀ mo jáde pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, pé wọ́n ti pè mí lọ́mọ lójú gbogbo ẹbí.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n gbé àpótí aṣọ Ìyá Àgbà sí àárín yàrá láti pín in, bí wọ́n ṣe máa ń pín aṣọ ìyá fún àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n ṣí i, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Èmi náà jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wọn. N kò fojú sí aṣọ ńlá kankan. Ìborùn kan wà tí Ìyá Àgbà fi máa ń bo ẹsẹ̀ nígbà òtútù, òun ni mo ń wá nínú àpótí náà. Àgbà inú wọn wo yíká yàrá, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ síta ná."

Mo bojú wẹ̀yìn kí n rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá wí. Ògiri ni mo rí.

Alhája ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, kò gbójú sókè. Ẹnikẹ́ni kò bínú sí mi nínú yàrá náà, òun ló mú kó dùn mí jù. Wọ́n ń dúró ni, bí ènìyàn ṣe ń dúró kí wọ́n palẹ̀ àwo mọ́. Mo dìde. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, n kò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ wọn ni, kí wọ́n so ó mọ́dìí ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbẹ́ wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó, tí òkú wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wẹ̀, ọmọ ta ni mí nígbà náà? Mo kó ẹrù mi lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó wá mi dé Ọ̀rányàn.

Ó ti pẹ́. Mo ti bímọ, mo ti sin ọkọ, orúnkún mi méjèèjì sì ti kọ̀ mí. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí rédíò pé ṣé ó yẹ kí olówó máa gba òṣìṣẹ́ sílé. Àwọn kan á ní ìkónilẹ́rú ni, àwọn kan á ní ẹni tó gba ènìyàn sílé gba ìdílé kan lọ́wọ́ ebi. Kí olówó gbà wọ́n, èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ ni, àìsàn kò sì mọ olówó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pè é ní iṣẹ́. Dírẹ́bà tí mò ń káàánú nígbà náà ló rí ìyá rẹ̀ sin.

Nǹkan ti ṣẹnuure fún ọmọ mi ọkùnrin, inú ilé rẹ̀ ni mo wà báyìí. Láìpẹ́ yìí ni ó mú obìnrin kan wá tí yóò máa gbé mi, tí yóò máa wẹ̀ mí. Ìyá obìnrin náà bá a wá. Ó jókòó sí etí àga, ó ń wo ilẹ̀, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, ó tún pa á dé. Ọmọ mi ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, ọmọ ilé la máa mú un."

Mo bá ìyá náà béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo ní, "Ọjọ́ wo ni yóò máa wálé?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Mo tún bi í ní ìbéèrè náà, mo ní bí kò bá dá ọjọ́ kan lójú ìyá ọmọ náà, kó máa mú ọmọ ọlọ́mọ padà lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹnu kò sí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó ọmọ mi máa ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ máa ń pè é, mo sì lè jókòó sórí àga yìí fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé mi dìde. Ó máa ń ni mí lára. Mo máa ń wo ojú fèrèsé, n ó máa rò ó lọ́kàn mi pé, ní báyìí, ọmọ ọlọ́mọ ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.